Ọjọ́ Tí Bàbá Oníbúrẹ́dì Ṣe Tako

Ilé mi ní Òkè-Àró, ní Àkúrẹ́, kọjú sí ilé búrẹ́dì Bàbá Adébùsóyè, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Bàbá Oníbúrẹ́dì. Títì kékeré kan ló wà láàárín wa. Nígbà tí mo ṣì ń ṣe iṣẹ́ tíṣà, n kì í lo aago láti jí. Bí òórùn búrẹ́dì bá ti gba ojú fèrèsé wọlé, mo mọ̀ pé ó tó àkókò láti gbé omi kaná. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi jí bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 2024, mo jí ní ọjọ́ kan, ilẹ̀ ti mọ́ kedere, oòrùn ti wọ yàrá, n kò sì gbọ́ òórùn kankan. Mo ṣílẹ̀kùn, mo rí Bàbá Oníbúrẹ́dì tó jókòó sórí àga níwájú ṣọ́ọ̀bù, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí eékún. Mo kí i. Ó ní, “Tíṣà, a ti pa ààrò.”

Gbogbo àdúgbò ló ti mọ̀ pé yóò rí bẹ́ẹ̀, àmọ́ kò sí ẹni tó fẹ́ kó jẹ́ òótọ́. Láti ìgbà tí owó epo ti fò sókè ní ọdún tó ṣáájú ni fúláwà ti ń gbówó lérí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Àwọn tó máa ń ra odidi búrẹ́dì bẹ̀rẹ̀ sí í ra ìlàjì, àwọn tó ń ra ìlàjì sì dẹ́kun rírà. Àwọn oníbúrẹ́dì mìíràn ń dín tiwọn kù, wọ́n ń fi yíìsì fẹ́ ẹ bíi bàlúùnù. Bàbá kọ̀. Ó ní òun kò lè máa ta afẹ́fẹ́ fún ènìyàn. Ó dá àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ mẹ́rin sílẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ó fi ku òun nìkan, nígbà tó sì ku òun nìkan, ó rẹ̀ ẹ́.

Ọmọ bíbí Àkúrẹ́ ni, àmọ́ ìlú Oǹdó ló ti kọ́ṣẹ́ búrẹ́dì. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni nígbà tí bàbá rẹ̀ mú un lọ fi sọ́dọ̀ ọ̀gá kan níbẹ̀, ọdún mẹ́fà ló sì lò lọ́wọ́ ọ̀gá náà. Irun kò hù lápá ọ̀tún rẹ̀ láti ìgunpá dé ọrùn ọwọ́, nítorí ọjọ́ tí iná ààrò jó o lápá nígbà tó wà lẹ́nu ẹ̀kọ́. Bí ó bá fọwọ́ kan fúláwà tí wọ́n ti pò, á sọ fún ọ bóyá omi rẹ̀ pọ̀ tàbí ó kéré, kò ní wò ó. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tó mọ̀ nìyẹn. Nígbà tí ààrò kú, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan yá a ní ilẹ̀ ní Ìlú-Àbò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbin ẹ̀gẹ́. Ọkùnrin tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, tí kò mú ọkọ́ rí! Bí ó bá ti oko dé, á fi ọwọ́ ti ìbàdí kí ó tó lè jókòó.

Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, Monílọ́lá. Ìyá rẹ̀ kú nígbà tí ó wà ní ilé-ìwé girama. Monílọ́lá kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán, ó bí ọmọbìnrin kan, Títílọpẹ́, fún ọkùnrin ará Oǹdó kan tó ń jẹ́ Akíntúndé, ṣùgbọ́n wọn ò fẹ́ra wọn sílé. Akíntúndé padà sí ìlú rẹ̀, ó gbé ìyàwó mìíràn. Ní ọdún 2022, obìnrin kan wá sí àdúgbò wa, ó ní iṣẹ́ wà ní ilẹ̀ Lárúbáwá, iṣẹ́ ọmọ títọ́jú nínú ilé àwọn olówó. Bàbá ò fọwọ́ sí i. Monílọ́lá ní ọdún méjì péré ni, òun á fi ra ẹ̀rọ ìránṣọ tuntun, òun á sì fi Títí sí ilé-ìwé tó dára. Ó lọ. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni Títí nígbà náà.

Fóònù kékeré tí kò ní àwòrán ni Bàbá ní, nítorí náà fóònù tèmi ni Monílọ́lá máa ń pè lórí Wáàtísáàpù. Gbogbo ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, Bàbá àti Títí á sọdá wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi, a ó sì rí ojú rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún kìíní, ó di ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Lẹ́yìn náà ó di ohùn nìkan, kò fi ojú hàn mọ́. Nígbà tí ààrò kú, kò tíì pé oṣù kan, ohùn kan wọlé sórí fóònù mi. Kò ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ó ní, “Bàbá, wọ́n ti gbé mi lọ sí ilé mìíràn. Àwọn ará ibí yìí ò fẹ́ kí n lo fóònù. Ẹ bá mi tọ́jú Títí.” Ìgbà ìkẹyìn tí a gbọ́ ohùn rẹ̀ nìyẹn.

A wá a. A pe obìnrin tó mú un lọ, nọ́ńbà rẹ̀ kò lọ mọ́. A dé ilé tó ń gbé lójú ọ̀nà Oǹdó, àwọn ayálégbé ní ó ti kó jáde láti ìgbà Kérésìmesì. A lọ sí ọ́fíìsì ìjọba kan tó ń wá àwọn tí wọ́n kó lọ sí òkè òkun, wọ́n kọ orúkọ Monílọ́lá sínú ìwé, wọ́n béèrè ẹ̀dà ìwé ìrìnnà rẹ̀, a ò ní. Wọ́n béèrè orúkọ ẹni tó ń ṣiṣẹ́ fún, a ò mọ̀ ọ́n. Ọmọbìnrin tó jókòó níbẹ̀ fi àánú wo Bàbá, ó ní kí a máa lọ, àwọn á pè wá.

Títí ò mọ gbogbo èyí. A sọ fún un pé iṣẹ́ ló pọ̀ fún màmá rẹ̀.

Ní oṣù karùn-ún, Bàbá rán an lọ ra àkàrà lọ́dọ̀ Sherifat ní ìkòríta. Àkúrẹ́ ni Sherifat náà, ẹbí Mùsùlùmí ni wọ́n, ó ti ń dín àkàrà níbẹ̀ láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti fi àga náà lé e lọ́wọ́. Ìwé àwọn òyìnbó tí wọ́n ń kó wọ̀lú pẹ̀lú ọjà òkìrìkà ló máa ń rà ní Ọjà Ọba, ìdì ìdì, láti fi pọ́n àkàrà. Ọjọ́ yẹn, ìwé tó ń ya lọ́wọ́ jẹ́ ìwé àwòrán ọmọdé. Títí bẹ̀ ẹ́ pé kó má ya á mọ́. Sherifat wo ojú ọmọ náà, ó fún un.

Ó gbé e wá bá mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Èèpo ẹ̀yìn kò sí mọ́, ojú ìwé mẹ́rin tàbí márùn-ún ní ìparí ti bá àkàrà lọ, òróró sì ti jẹ apá kan ìyókù. Ohun tó wà níbẹ̀ kò le. Ìyá kan wà nínú ilé ìdáná, ó wọ aṣọ yẹ́lò, òun àti ọmọbìnrin rẹ̀ ń se oúnjẹ. Wọ́n po fúláwà, wọ́n tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ, wọ́n dín ẹran lílọ̀, wọ́n gé tòmátì àti ewé, wọ́n wá kó gbogbo rẹ̀ sínú búrẹ́dì pẹlẹbẹ náà, wọ́n ká a pọ̀. Ojú ìwé ìkẹyìn tó kù sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti ya.

Títí ti ń mọ̀wé kà dáadáa. Ó ka orúkọ oúnjẹ náà sókè létí Bàbá: tako. Bàbá ní ta ni wọ́n ń tako? Títí ní wọn ò tako ẹnikẹ́ni, orúkọ oúnjẹ ni. Bàbá ní irú ilé wo ni wọ́n ti ń fún oúnjẹ ní orúkọ ìjà, ó sì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ni mo rántí jù nínú ọdún yẹn, torí pé n kò gbọ́ òmíràn.

Lẹ́yìn náà ni ọmọ náà fi ìka lé obìnrin aláṣọ yẹ́lò. Ó ní ibẹ̀ ni màmá òun wà. Ó ní ẹ wo fèrèsé, ẹ wo iná ìdáná, bí ilé ìdáná tí màmá òun fi hàn wá lórí fóònù ní ìjọ́sí gan-an ló rí. Mo fẹ́ sọ fún un pé ìlú tí wọ́n ti ń jẹ oúnjẹ yẹn àti ilẹ̀ Lárúbáwá kì í ṣe ibì kan náà. Bàbá wò mí. Mo ṣí ojú ìwé tó kàn.

Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, tako ni Títí ń sọ. Ó fẹ́ kí a ṣe é, kí a ya á ní fọ́tò, kí a fi ránṣẹ́ sí màmá rẹ̀. Mo bi í pé kí nìdí. Ó ní òun ti rò ó. Ó ní bóyá màmá òun ò pè mọ́ nítorí pé gbogbo ìgbà tó bá pè, nǹkan kan náà là ń sọ: a wà dáadáa, ṣé ẹ wà dáadáa. Ó ní tí a bá ní nǹkan tuntun láti sọ fún un, á pè.

Mo wọ inú ilé lọ, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì fún ìgbà díẹ̀.

Nígbà tí ó di ìrọ̀lẹ́, Bàbá sọdá wá.

“Tíṣà, ẹ jẹ́ ká ṣe é fún un.”

Mo ní, “Bàbá, ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ tí a ń rán sí fóònù Moni kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Àmì kan ṣoṣo ló ń fi hàn láti oṣù kẹta, kò di méjì rí.”

“Mo mọ̀.”

“Tó bá ṣe é tán tí kò pè ńkọ́?”

Ó ní, “Á ti jẹ ẹran lọ́jọ́ yẹn, ó kéré tán.”

Ẹran ni ìṣòro. Láti ìgbà tí wọ́n ti ti ṣọ́ọ̀bù, ẹran kò wọ ilé Bàbá ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. A dúró di Iléyá. Àgbò wọ́n débi pé ẹbí Sherifat àti ẹbí mẹ́fà mìíràn para pọ̀ ra màlúù kan. Ní ọjọ́ kejì Iléyá, ọjọ́ Ajé, tí ilé-ìwé wà ní ọlidé, Sherifat gbé abọ́ kan wá fún Bàbá, ó fi ewé gbòòrò bò ó. Ẹran tó dára ni, kì í ṣe eegun. Ó ní kí ó má dúpẹ́, búrẹ́dì tí òun jẹ láti kékeré lọ́wọ́ rẹ̀ kò lónkà.

Bàbá gbé ẹran náà lọ sọ́dọ̀ Rufus, ọkùnrin tó ń lọ ata nítòsí wa, pé kó bá òun lọ̀ ọ́. Rufus kọ̀. Ó ní ata àti ẹ̀wà àwọn ènìyàn ló ń gba inú ẹ̀rọ yìí kọjá, bí òórùn ẹran tútù bá kù nínú rẹ̀, kò sẹ́ni tó máa padà wá. Bàbá ò bá a jiyàn. Ó padà sílé, ó gé ẹran náà wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ lórí pátákó, ó yá odó kékeré lọ́wọ́ Sherifat, Títí sì ń gún un. Ọmọ náà ń gún, ó ń nu òógùn, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á lọ́wọ́ òun.

Fúláwà ló kàn. Bàbá ṣí ilẹ̀kùn ilé búrẹ́dì. N kò tíì wọ ibẹ̀ láti ìgbà tí iná ti kú. Aláǹtakùn ti ta sí ẹnu ààrò, àwọn páànù búrẹ́dì tò gègèrè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ìpẹta ti ń mú wọn. Ó kó àwọn àpò tó ti ṣófo jọ, ó ń dà wọ́n dojú délẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń gbọn ìdí wọn sórí tábìlì. Ohun tó jáde kún abọ́ kékeré kan. Ó sẹ́ ẹ, ó ṣa kòkòrò inú rẹ̀ dànù, ó tún un sẹ́. Ìwé náà sọ pé ìyẹ̀fun àgbàdo la máa fi ṣe é, nítorí náà mo mú díẹ̀ wá nínú tèmi, ó pò wọ́n pọ̀.

Bí ó ṣe ki ọwọ́ bọ inú fúláwà yẹn, ara rẹ̀ yí padà. Ẹ̀yìn rẹ̀ nà. Ó ní kí n ka ìwé náà fún òun, mo kà á, ó ní ó dáa, búrẹ́dì tí kò wú ni, kò fẹ́ yíìsì. Ó ní kí Títí fi ìka tẹ̀ ẹ́: tó bá padà sókè kíá, kó jẹ́ kó sinmi, tó bá dúró síbẹ̀, ó ti tó. Ìgò ló fi tẹ́ ẹ lórí tábìlì. Ó dojú páànù búrẹ́dì kan dé orí àdògán tí èédú ti pọ́n nínú rẹ̀, ó ní kí ọmọ náà na àtẹ́lẹwọ́ sókè rẹ̀ kó máa ka oókan, eéjì. Títí ka dé mẹ́rin, ó fa ọwọ́ sẹ́yìn. Bàbá ní iná ti tó.

Èkíní fọ́. Èkejì jóná ní apá kan. Bàbá fi omi díẹ̀ kún ìyókù, ó pò ó lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ̀kẹta jáde bó ṣe yẹ, ó rọ̀, ó ní àmì iná tó dà bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ àgbàlagbà. Ó gbé e kọ́ ẹ̀yìn páànù mìíràn nígbà tó ṣì gbóná, kó lè ká bí èyí tó wà nínú àwòrán. Mẹ́fà ló ṣe. Títí ń wo ọwọ́ rẹ̀. Òru ni bàbá rẹ̀ àgbà ti máa ń ṣe búrẹ́dì, nígbà tí ọmọ náà bá ti sùn; mo rò pé kò rí i níbi iṣẹ́ báyìí rí.

Èmi ni mo dín ẹran. Ìwé náà sọ pé àlùbọ́sà, ata gígún, iyọ̀, àti nǹkan kan tí òróró ti jẹ orúkọ rẹ̀. Lẹ́tà méjì àkọ́kọ́ ni mo rí, c àti u. Mo ní kọ́rì ni. Títí sáré lọ ra kọ́rì. Tòmátì kan ṣoṣo la rí, ó wọ́n ju ẹran lọ lóṣù yẹn, ìdajì rẹ̀ sì ti rọ̀. A gé kábéèjì dípò ewé tó wà nínú àwòrán. Dípò nǹkan funfun tí wọ́n wọ́n sórí rẹ̀, a rún wàrà tí àwọn obìnrin Fúlàní máa ń kiri.

Títí lọ wẹ̀, ó wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì. Kò gbà kí a jẹun kí a tó ya fọ́tò. Ó to tako mẹ́ta sínú àwo, ó mú ọ̀kan dání, ó dúró sí ẹnu ọ̀nà níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Mo ya mẹ́rin. Ó wo gbogbo rẹ̀, ó mú èyí tí ọwọ́ Bàbá hàn létí rẹ̀, ó ní kí màmá òun lè mọ ẹni tó ṣe é. Lẹ́yìn náà ó gba fóònù, ó sọ̀rọ̀ sínú rẹ̀. Ó ní, “Màámi, a ṣe tako. Bàbá ló ṣe é, èmi ni mo gún ẹran. Ó pọ̀. Tí ẹ bá ti rí i, ẹ pè.”

Mo fi ránṣẹ́. Àmì kan jáde.

Oúnjẹ náà ti tutù nígbà tí a jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n ó dùn. N kò purọ́. Sherifat dé, ó jẹ ọ̀kan, ó ní tí òun bá tà á ní ìkòríta, wọ́n á kọ àkàrà. Títí jẹ méjì. Bàbá jẹ ìdajì ọ̀kan, ó fi ìyókù sínú àwo ọmọ náà, ó ní òun ti yó.

Láti ọjọ́ kejì, bí Títí bá ti ti ilé-ìwé dé, á kọ́kọ́ wá sọ́dọ̀ mi. Màá ṣí fóònù, màá fi hàn án. Àmì kan. Á ní ó dáa, á lọ. Ó ń ṣe mí bíi kí n parọ́ fún un. Ọjọ́ kan wà tí mo rò ó pé kí n ní ó ti di méjì, àmọ́ mo mọ̀ pé ohun tó máa béèrè lẹ́yìn ìyẹn, n kò ní ìdáhùn rẹ̀. Nígbà tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kì í wo fóònù mọ́, ojú mi ló máa ń wò láti ẹnu ọ̀nà. Nígbà tó pé oṣù kan, kò yà mọ́.

Ní ìparí oṣù keje, ó ṣubú lórí ìlà nílé-ìwé ní àárọ̀. Wọ́n fi omi sí i lójú, olùkọ́ rẹ̀ bi í pé kí ló jẹ. Kò jẹ nǹkan kan. Lálẹ́ àná náà, kò jẹ. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé bí gààrí bá ku díẹ̀, Bàbá á ní òun ti jẹun lóko, Títí náà á sì ní wọ́n fún òun ní oúnjẹ ní ilé-ìwé, kí Bàbá lè jẹ. Àwọn méjèèjì ń tan ara wọn jẹ, ebi sì ń pa àwọn méjèèjì. Èmi tí mò ń gbé òdìkejì títì kò mọ̀. Ìyẹn ṣì ń dùn mí.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe dé Oǹdó, n kò mọ̀. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí Akíntúndé fi dé. Ó ń ta páàtì ọkọ̀ níbẹ̀, kì í ṣe ènìyàn búburú. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá nínú iyẹ̀pẹ̀. Ó ní ìyá òun ló rán òun, pé ọmọ ọmọ òun kò lè máa dákú nítorí ebi nígbà tí òun wà láyé.

“Bàbá, mi ò wá bá yín jà,” ó ní.

“Mo mọ̀.”

“Ẹ̀yin náà mọ̀ pé kò lè rí báyìí lọ.”

Bàbá fi ọwọ́ ti ìbàdí, ó jókòó. Ó ní, “Tí ìyá rẹ̀ bá dé tí kò bá a níbí ńkọ́?”

Akíntúndé wolẹ̀. Ó rọra dáhùn pé, “Bàbá, tí Moni bá dé, Oǹdó ò jìnnà.”

Bàbá mọ̀ pé Akíntúndé kò gbà gbọ́ pé ìyá ọmọ náà yóò dé. Èmi náà rí i. Bàbá ní kí Títí lọ kó aṣọ rẹ̀. Ọmọ náà kò sunkún. Ó kó ẹrù sínú àpò kan, ó kúnlẹ̀ fún Bàbá, ó sọdá wá kúnlẹ̀ fún mi, ó sì tẹ̀lé bàbá rẹ̀ lọ sí ibi ọkọ̀. Bàbá dúró síbẹ̀ títí ọkọ̀ fi yà ní ìkòríta. Lẹ́yìn náà ó mú ọkọ́, ó lọ sí oko, bẹ́ẹ̀ ọ̀sán ti pọ́n, kò sì sí iṣẹ́ kankan lóko lọ́jọ́ náà.

Oṣù kẹwàá ni èmi àti Bàbá tó lọ bẹ Títí wò. A wọ ọkọ̀, a gba Òwénà kọjá. Bàbá fi ọwọ́ hàn mí ibi tí ilé búrẹ́dì ọ̀gá rẹ̀ wà nígbà kan. Wọ́n ti ń ta símẹ́ǹtì níbẹ̀. A bá Títí ní ilé. Ó ti sanra, awọ rẹ̀ ń dán, aṣọ rẹ̀ mọ́. Ó ń sọ èdè Oǹdó wàràwàrà pẹ̀lú àwọn ọmọ ilé, débi pé èmi ò gbọ́ ìdajì rẹ̀. Ìyàwó Akíntúndé gbà wá dáadáa, ó fún wa ní iyán. Bí ó ṣe ń bu ọbẹ̀, Títí pè é láti ẹ̀yìnkùlé pé, “Màámi, ṣé kí n gbé omi wá?”

Bàbá ti fi òkèlè sẹ́nu. Ó jẹ oúnjẹ náà tán.

Nígbà tí a ń lọ, Títí sìn wá dé ẹnu ọ̀nà ńlá. Ó di ọwọ́ Bàbá mú, ó ń fi ẹsẹ̀ ta òkúta kéékèèké. Nígbà tí a dé ìdí igi kan, ó dúró.

“Bàbá, ṣé ìyá mi ti kú?”

Bàbá bẹ̀rẹ̀ kí ojú rẹ̀ lè bá tirẹ̀ dọ́gba. Mo rò pé yóò sọ ohun tí àgbàlagbà máa ń sọ, pé Ọlọ́run wà, pé yóò dé lọ́jọ́ kan. Ó wo ọmọ náà.

“Mi ò mọ̀, ọmọ mi.”

Títí mi orí. Ó ní òun náà ti rò pé wọn ò mọ̀. Ó bi mí pé ṣé fọ́tò yẹn ò tíì wọlé, mo ní kò tíì wọlé. Ó ní kí n pa á rẹ́ tí àyè fóònù mi bá ti kún, kò ní dun òun. Ó kúnlẹ̀ fún àwa méjèèjì, ó ní òun gbé ìkòkò kaná, ó sáré padà.

A wọ ọkọ̀ padà sí Àkúrẹ́. Nígbà tí a sọ̀kalẹ̀, Bàbá ní òun ṣì máa yà níbì kan, ṣùgbọ́n kò yà níbì kankan, ọ̀nà mìíràn ló gbà dé ilé kí n má bàa bá a rìn.

Ọdún tó tẹ̀lé e, n kò gbọ́ pé ó lọ sí Oǹdó mọ́. Mo bi í lẹ́ẹ̀kan. Ó ní ọmọ náà ti rí ibi fìdí lé, bí òun bá ń lọ lóòrèkóòrè, ìbéèrè ni òun á máa gbé lọ bá a. Ó ti fi ilé búrẹ́dì rẹ̀ fún àwọn tó ń kó ike jọ; gbogbo ẹnu ọ̀nà ló kún fún ìgò tí wọ́n ti tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ̀gẹ́ rẹ̀ ní Ìlú-Àbò kò ta dáadáa, màlúù jẹ ìdajì. Mo máa ń gbé oúnjẹ sọdá fún un ní ìrọ̀lẹ́. Ó máa ń gbà á, á jẹ díẹ̀, á bo ìyókù, á ní kí n ṣeun, á sì béèrè bóyá mo rò pé òjò máa rọ̀ lọ́la.